Mọ́tò Àtijọ́, Iná Tuntun: Ọ̀nà Mẹ́ta Láti Sọ Ọkọ̀ Elépo Di Oníná Nílé

Ẹni tó bá ti pinnu pé òun fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò lára ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ẹ́ńjìnnì iná wo ni kí n rà?" Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dúró ná. Ẹ mú téèpù ìwọ̀n, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí búùtù, ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ wọn gbogbo ibi tí àpótí lè wọ̀. Ẹ́ńjìnnì iná ò tóbi. Ibi tí ẹ́ńjìnnì epo ti kúrò á gbà á, àyè á sì ṣẹ́kù. Bátìrì ni wàhálà. Òun ló wúwo jù, òun ló ń jẹ owó jù, òun ló lè gbiná, òun náà ni yóò sọ ibi tí ọkọ̀ yín lè dé kó tó dákú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìfiwéra tí mo fẹ́ ṣe níbí á fi máa padà sórí bátìrì.

Kí n tó lọ jìnnà: lẹ́nu tiwa, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ là ń pè ní mọ́tò, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ yìí ń pe ohun tí iná ń yí ní mọ́tò. Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú, ẹ́ńjìnnì iná ni n ó máa pe ìyẹn.

## Ẹ ṣírò ìrìn kí ẹ tó ṣírò owó

Ọkọ̀ àtijọ́ kékeré, irú Volkswagen Beetle tí a mọ̀ sí Ìjàpá, á máa jẹ nǹkan bíi wáàtì-wákàtì 150 sí 200 lórí kìlómítà kan, bí awakọ̀ ò bá sáré àsápajúdé. Ẹ jẹ́ ká mú 180. Bátìrì tó gba kílówáàtì-wákàtì 20, tí wọ́n ń kọ ní 20 kWh, á gbé e rin kìlómítà 111 lórí ìwé. Àmọ́ bátìrì lithium kì í fẹ́ kí wọ́n fa òun gbẹ, nítorí náà ẹ fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ku kìlómítà 94. Bí sókẹ́ẹ̀tì ilé yín bá ń gbé 230 fóòtì (volt, agbára tó ń ti iná), tí ẹ sì ń fa áńpíà 10 níbẹ̀, 2.3 kW (kílówáàtì) lẹ ń rí. Bátìrì yẹn á gbà tó wákàtì mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá kó tó kún láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni pé ẹ máa sùn, ẹ máa jí.

Ṣé ọkọ̀ àtijọ́ yín máa ń rin 94 kìlómítà lóòjọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rin ìdajì rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n á ra 40 kWh nítorí ẹ̀rù, wọ́n á wá máa gbé ẹrù méjì kiri nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹrù kan.

## Ọ̀nà mẹ́ta náà

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ ra ọkọ̀ oníná tó ti ní jàǹbá, kí ẹ tú u, kí ẹ kó ohun inú rẹ̀ sínú tiyín. Ìkejì ni kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì iná tuntun pẹ̀lú kọntírólà rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí i, tí wọ́n ti bá ara wọn mu láti ilé iṣẹ́. Ìkẹta ni ọ̀nà àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́: ẹ́ńjìnnì DC (iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì, kọntírólà kan ṣoṣo, ó parí.

| | Ọkọ̀ jàǹbá tí a tú | Ohun èlò tuntun | DC olóbúrọ́ọ̀ṣì |
|---|---|---|---|
| Fóòtì tí ẹ óò bá lò | bíi 350 sí 400 | bíi 100 sí 150 | bíi 72 sí 144 |
| Owó tí ẹ ná lórí agbára kọ̀ọ̀kan | ó kéré jù | ó pọ̀ jù | ó kéré lójú, bátìrì á fi han yín |
| Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà | ó pọ̀ | díẹ̀ | kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí |
| Iṣẹ́ irin àti wẹ́dà | ó pọ̀ | díẹ̀ | díẹ̀ |
| Ṣé ó ń dá iná padà sí bátìrì tí ẹ bá ń dẹ̀rìn? | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni | rárá |

Tábìlì yìí ò sọ tán. Ẹni tó bá fi òun nìkan yàn, ọ̀nà kìíní ni yóò mú, yóò sì dé ìdajì ọ̀nà kó tó mọ ìdí tí àwọn kan fi ń san owó gọbọi fún ìkejì.

## Ọkọ̀ jàǹbá: owó kékeré, làálàá ńlá

Nissan Leaf ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tú, nítorí ó ti wà lọ́jà láti ìparí ọdún 2010, ó sì pọ̀ níta. Ẹ́ńjìnnì iná ti àkọ́kọ́ ń mú 80 kW wá, pẹ̀lú agbára ìyí 280 Nm (Newton-mítà). Ẹ fi wé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá 1300, tí agbára ìyí tirẹ̀ ò tó 100 Nm. Ẹ ti rí i pé ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ṣe wà, gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ yẹn á fọ́ eyín rẹ̀ sínú ọ́ìlì. Àfi kí ẹ fi kọ̀ǹpútà dín agbára rẹ̀ kù, kí ẹ sì fi òté lé eré rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì Leaf lè yí ju ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú kan. Gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá ò rí irú rẹ̀ rí láyé.

Wàhálà gidi ni pé ẹ́ńjìnnì inú Leaf ò dá wà. Ó ń retí ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ọkọ̀: ti pẹ́dàlì, ti búréèkì, ti bátìrì, ti kọ́kọ́rọ́. Bí wọn ò bá dáhùn, yóò dákẹ́ ni. Ọ̀nà méjì ló wà láti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ lè kó gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà pẹ̀lú wáyà wọn wọ inú ọkọ̀ yín, kí Ìjàpá máa rò pé Leaf lòun. Tàbí kí ẹ yọ pátákó tó jẹ́ ọpọlọ ínfátà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di èyí tí ẹ́ńjìnnì lè lò, kí ẹ fi pátákó tí àwọn aṣèdánwò ṣe sílẹ̀ fún gbogbo ayé rọ́pò rẹ̀. Àwùjọ openinverter ni wọ́n mọ̀ jù nídìí ìyẹn. Ọ̀nà kejì yìí mọ́ tónítóní ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kí ẹ máa yí nọ́ńbà padà títí ẹ́ńjìnnì á fi yí jẹ́jẹ́ láìgbọ̀n.

Ẹ má ra ọkọ̀ jàǹbá tí omi ti bò. Bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ má rà á. Èyí tí wọ́n kọ lù níwájú tàbí lẹ́yìn ni kí ẹ wá, kí ẹ sì ní kí wọ́n tan án lójú yín kí wọ́n tó tú u. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fóònù yín á sì ka ìlera bátìrì láti ibẹ̀. Ẹ wo iye tó kù nínú agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó gbogbo sọ́kẹ́tì wáyà pẹ̀lú ìrù gígùn. Ẹni tó bá gé wáyà mọ́ ìdí sọ́kẹ́tì á sunkún ní oṣù kẹta.

Nípa bátìrì Leaf àkọ́kọ́, 24 kWh, mọ́júù 48 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílógíráàmù 3.8, bí àpótí pẹlẹbẹ tí ẹ lè tò jọ bí ìwé. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ ilé nìyẹn: kì í lo omi láti tutù, ẹ sì lè pín in sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ojú irin mẹ́ta ló wà lórí mọ́júù kọ̀ọ̀kan, ìdajì méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti jìn sí kòtò nìyẹn. Ẹni tó ta tèmi fún mi ní ọ̀rọ̀ dídùn, mo fi mítà kan ojú irin ìpẹ̀kun méjèèjì lórí àwọn tó wà lókè, nọ́ńbà tó jáde dára lójú mi, mo sanwó. Nígbà tí mo délé tí mo wá ń wọn ìdajì ìdajì, 3.9, 3.9, 3.9, mo kan ọ̀kan tó ka 2.2. Ó ti kú. Mọ́júù mẹ́rin ló rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹrù yẹn, kò sì sẹ́ni tó dá owó mi padà. Ẹ wọn ìdajì méjèèjì lára mọ́júù kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tesla ńkọ́? Mọ́júù Model S ní sẹ́ẹ̀lì kékeré 444 nínú, ó wúwo tó kílógíráàmù 25, ó ń mú bíi 5.3 kWh dání, fóòtì rẹ̀ jẹ́ 22.8. Ó gba agbára púpọ̀ sínú àyè kékeré, àmọ́ ó fẹ́ omi tó ń yí ká láti tutù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti jíà rẹ̀ jọ wà nínú igbá kan náà tó máa ń jókòó sáàárín táyà ẹ̀yìn, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ máa gé abẹ́ ọkọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó fi í sínú ọkọ̀ kékeré àtijọ́ ń wá ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ibi tí búréèkì ò ti ní mú.

## Ohun èlò tuntun: ẹ san owó, ẹ sùn dáadáa

Níbí ni àwọn bíi HyPer 9 ti NetGain wà: fóòtì rẹ̀ ò tó ìdajì ti Leaf, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, ó lè mú nǹkan bí agbára ẹṣin 120 wá fún ìgbà díẹ̀, kọntírólà rẹ̀ sì wá pẹ̀lú wáyà tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí. Àwọn kan tún ń ta irin pẹlẹbẹ tí yóò so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ tó wọ́pọ̀, Ìjàpá pàápàá. Iṣẹ́ tó lè gbà yín ní ọdún kan lọ́nà àkọ́kọ́ lè parí láàárín ìwọ̀nba òpin ọ̀sẹ̀.

Ohun tí ẹ óò pàdánù ni owó, àti pé fóòtì kékeré ń béèrè áńpíà ńlá: wáyà yín á nípọn bí àtàǹpàkò, ìdè rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ le dan-in, nítorí ìdè tó bá rọ̀ díẹ̀ á gbóná, á sì yọ́. Fóòtì kékeré ò tún túmọ̀ sí pé kò lè pani. 60 fóòtì DC ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà. Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yìí ló kọjá ibẹ̀.

## DC olóbúrọ́ọ̀ṣì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ó rọrùn láti mọ̀, ó rọrùn láti tún ṣe, ẹni tó bá mọ sítátà ọkọ̀ ti mọ ìdajì rẹ̀. Àmọ́ ó ní ìwà burúkú méjì. Èkíní, bí kọntírólà rẹ̀ bá bàjẹ́, ó lè ṣí sílẹ̀ gbáà, kí ọkọ̀ máa sá lọ bí ẹni tí wọ́n tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ fún. Èkejì, ẹ́ńjìnnì DC irú èyí tí kò bá rí ẹrù fà á máa yára sí i, á máa yára sí i, títí yóò fi fọ́ ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ má fi ju bátìrì 12 fóòtì kan ṣoṣo dán an wò lórí tábìlì, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ kó tó yí, nítorí ó máa ń ta bí ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Àwọn tó yan ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀ máa ń lo bátìrì onílẹ́ẹ̀dì. Bátìrì méjìlá oní-12 fóòtì, 100 áńpíà-wákàtì, jẹ́ 14.4 kWh lórí ìwé. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ó ku 7.2, nínú ẹrù tó lé ní kílógíráàmù 300. Ìgbà yẹn ti kọjá lọ.

## Bátìrì wo gan-an?

Láàárín àwọn lithium, ìdíje wà láàárín LFP (lithium pẹ̀lú irin àti phosphate) àti NMC (lithium pẹ̀lú nickel, manganese àti cobalt). Sẹ́ẹ̀lì LFP kan jẹ́ 3.2 fóòtì, ti NMC jẹ́ bíi 3.7. NMC fúyẹ́ jù fún agbára kan náà, ìdí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná fi ń lò ó nìyẹn. LFP wúwo díẹ̀, ó gba àyè díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í yára gbiná, ó sì ń gba kíkún àti fífà fún ọ̀pọ̀ ìgbà ju tèkejì lọ. Fún bátìrì tí ọwọ́ ara ẹni máa tò nínú gàráàjì tó so mọ́ ilé tí ọmọ ń sùn sí, LFP ni èmi á mú tó bá jẹ́ pé ẹ ń ra tuntun. Ẹ kàn mọ̀ pé fóòtì rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí di ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mítà fóòtì ò lè sọ iye tó kù. BMS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì, tó ń ka iye iná tó wọlé àti èyí tó jáde nìkan ló lè sọ.

BMS náà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Òun ló ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, òun ló gbọ́dọ̀ láṣẹ láti pa ṣáájà àti láti dá ẹ́ńjìnnì dúró. Ẹ má sì ṣe ṣáàjì lithium nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá tutù ju òdo lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Lithium á dì sí ibi tí kò yẹ nínú rẹ̀, kò sì sí àtúnṣe.

## Gíábọ́ọ̀sì: kó dúró tàbí kó lọ?

Kó dúró. Ó ń sọ agbára kékeré di ńlá, ààsì àti táyà á wà bí wọ́n ṣe wà, ẹ ò sì ní gé nǹkan kan. Ẹ óò máa wà á nínú jíà kejì tàbí ìkẹta láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì iná kì í kú bí ọkọ̀ bá dúró, nítorí náà ẹ ò nílò rẹ̀ láti gbéra. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ óò dín ìwúwo kù, àmọ́ láti pààrọ̀ jíà, ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ́ńjìnnì dẹ eré. Èmi yọ tèmi, mi ò sì rò ó mọ́.

Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú tín-ínrín ni irin tó so ẹ́ńjìnnì iná mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà, ìyàtọ̀ wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Ojú ò lè rí i. Ẹ lo dial gauge, mítà abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìyẹ̀ kékeré, ẹ fọwọ́ yí i, kí ẹ wo abẹ́rẹ́. Bó bá yẹ̀, ọkọ̀ á máa hu bí ẹ̀fọn, béárìn á sì jẹ.

## Ibi tí iná ti ń pani

Ínfátà ní àwọn kápásítọ̀ tó ń mu iná lẹ́ẹ̀kan náà bí òùngbẹ ṣe ń mu omi. Bí ẹ bá so bátìrì 360 fóòtì mọ́ ọn láìkọ́kọ́ fi résísítọ̀ dẹ̀ ẹ́, ẹ óò gbọ́ "pàà!", ojú kọ́ńtátọ̀, ìyẹn súìṣì ńlá tó ń so bátìrì mọ́ ínfátà, á sì jó lẹ̀ mọ́ra. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, iná ò ní pa. Résísítọ̀ ohm 100 àti kápásítọ̀ mílífáràdì kan: ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá péré ló gbà kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ohun kékeré tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé nìyẹn.

Wáyà fóòtì ńlá, aláwọ̀ ọsàn, kò gbọ́dọ̀ kan ara ọkọ̀ níbìkankan, yálà pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù. Ẹ pín bátìrì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ tí kò tó 60 fóòtì títí di ọjọ́ ìkẹyìn, kí ẹ tó fi irin so wọ́n pọ̀. Ẹ fi fíúsì tó jẹ́ ti DC gan-an sí àárín bátìrì. Ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ fi téèpù wé sípánà yín kó ku ẹnu nìkan, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n kọ iye fóòtì rẹ̀ sí lára, kí ẹ sì rí i pé ẹlòmíràn wà nítòsí tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Bí ẹ̀yìn yín bá ń dùn yín tàbí oorun ń kùn yín, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tún wà: búréèkì tó ń lo fífà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì epo á nílò pọ́m̀pù tirẹ̀, iná iwájú àti ìwo á nílò ohun tí yóò sọ fóòtì ńlá di 12, nítorí kò sí àtánétọ̀ mọ́, ohun tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná náà ti bá ẹ́ńjìnnì lọ.

## Ṣé ó ṣì jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́?

FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ti sọ ojú tó fi ń wò ó: ọkọ̀ tí wọ́n sọ di oníná kì í ṣe ọkọ̀ ìtàn mọ́ lójú tiwọn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é, kó ṣe é bí èyí tó ṣeé dá padà. Mo gbà pẹ̀lú apá kejì. Ẹ má gé ṣáásì, ẹ lo ihò bóòtì tó ti wà níbẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì pa ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ẹ wé e, kí ẹ gbé e pamọ́. Ti apá kìíní, mo máa ń rántí pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó sáré kọjá kìlómítà 100 ní wákàtì kan, èyí tí Camille Jenatzy wà ní ọdún 1899, iná ló ń lò. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ ò mọ ìtàn. Ẹ lọ béèrè ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ nípa pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, kí ẹ tó ra ohunkóhun.

## Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí ẹ bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe fẹ́ràn sípánà, tí àkókò wà, tí owó ò sí: Leaf. Bí iṣẹ́ irin bá yé yín àmọ́ tí kọ̀ǹpútà ń tì yín lójú: ohun èlò tuntun, pẹ̀lú LFP. Àwọn kan ń pa méjèèjì pọ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun pẹ̀lú mọ́júù Leaf tí wọ́n tún tò kí fóòtì rẹ̀ lè bá kọntírólà mu, ó sì dára bí ẹ bá wọn mọ́júù wọ̀nyẹn dáadáa. DC olóbúrọ́ọ̀ṣì, àfi bí ẹnì kan bá fi í ta yín lọ́rẹ tí ẹ sì kàn fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó tú bóòtì àkọ́kọ́, kí ẹ wọn iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri gàráàjì. Mọ́júù Leaf 48 jẹ́ kílógíráàmù 182 láìtíì ka àpótí wọn. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn Ìjàpá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wúwo tẹ́lẹ̀, iwájú á fúyẹ́ débi pé sítíárì á máa ṣeré lọ́wọ́ yín. Ibi tí táǹkì epo wà níwájú ti ṣófo báyìí. Ẹ kó bí ìdajì síbẹ̀, kí ẹ tún gbé e lọ wọn títí nọ́ńbà méjèèjì á fi sún mọ́ ohun tó wà lára ògiri.